Orí Kan, Òfin Púpọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Olímpíìkì Àgbáyé lórí Àwọn Ọmọbìnrin Lárúbáwá tó ń Ṣe Ju Eré Ìdárayá Kan Lọ

Sí Ìyáàfin Kirsty Coventry,
Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Olímpíìkì Àgbáyé,
Lausanne, Switzerland.

Ìyáàfin Ààrẹ,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi kà á ni àwọn òbí, àwọn olùkọ́ni àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń sọ èdè náà. Ẹ̀yin kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Faransé dìbò, 210 sí 81, láti fọwọ́ sí àbá òfin kan tí yóò ka wíwọ ohunkóhun tó bá fi ẹ̀sìn hàn léèwọ̀ nínú ìdíje tí àwọn àjọ eré ìdárayá orílẹ̀-èdè náà bá ṣètò. Orílẹ̀-èdè kan náà yìí ni Ìgbìmọ̀ yín ti fún ní Olímpíìkì ìgbà òtútù ti ọdún 2030, ní agbègbè àwọn òkè Alps. Nígbà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ yín ṣáájú Paris 2024 nípa irú èèwọ̀ yìí, èsì tí wọ́n gbà ni pé ọ̀rọ̀ ìjọba Faransé ni, pé kò sí lábẹ́ agbára Ìgbìmọ̀. Èsì yẹn ni mo wá bá yín jiyàn lé lórí.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ yín nìkan ni gbogbo àjọ eré ìdárayá Olímpíìkì ń wárí fún, síbẹ̀ ẹ kọ̀ láti ṣe òfin kan ṣoṣo lórí ìbòrí obìnrin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àjọ kọ̀ọ̀kan àti ìjọba kọ̀ọ̀kan láti ṣe bó ṣe wù ú, àwọn tí ìyà ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ jù ni àwọn ọmọbìnrin tí ẹ̀bùn wọn kò mọ sí eré kan.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin Lárúbáwá tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó sì tún ń ṣe eré mìíràn, nítorí irú wọn kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá, líìgì bọ́ọ̀lù obìnrin kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Sàúdí Arébíà, ọdún 2020 ni líìgì àkọ́kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí wáyé, oṣù Kejì ọdún 2022 sì ni ikọ̀ obìnrin orílẹ̀-èdè náà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Maldives, níbi tí wọ́n ti na Seychelles ní àmì ayò 2-0. Ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹsẹ̀ àti èémí ṣáájú ìgbà yẹn kò lè jókòó de líìgì. Ibi tí ààyè bá ti ṣí ni yóò gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ. Ní Jeddah, básíkẹ́ẹ̀tì ni Lina Almaeena fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tó wá di Jeddah United, ìlú kan náà ni Reema Abdullah sì ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Kings United sílẹ̀ ní ọdún 2006, nígbà tí wọn kì í tíì kọ́ ọmọbìnrin ní eré ìdárayá rárá ní àwọn ilé ìwé ìjọba ibẹ̀. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Honey Thaljieh, tó wà lára àwọn tó dá ikọ̀ obìnrin Palẹstínì sílẹ̀ tó sì jẹ́ balógun wọn àkọ́kọ́, kò ní pápá oníkoríko tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa lò. Orí ilẹ̀ oníkọnkéré ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ wọn. (Kìrìsìtẹ́nì ni Thaljieh fúnra rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló sì jọ wà nínú ikọ̀ náà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo obìnrin Lárúbáwá ni mo ń fi ìbòrí wọ̀ ní tipátipá.)

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kan ní Amman, ní Doha tàbí ní Cairo tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí tó sì tún wà nínú ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì tàbí ti fọlíbọ́ọ̀lù, kì í ṣe pé kò mọ èyí tó fẹ́. Báyìí ni ọ̀nà ṣe ṣí fún un, díẹ̀díẹ̀, láti ibi kan sí ibòmíràn. Wàyí o, bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń lo híjáàbù, ẹ wo ohun tí àwọn àjọ tó wà lábẹ́ yín fi ojú rẹ̀ rí.

Ní ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ọdún 2007 ni ọ̀rọ̀ náà ti di ariwo, nígbà tí rẹfirí kan ní Kánádà ní kí ọmọ ọdún 11 kan kúrò lórí pápá nítorí híjáàbù rẹ̀, tí IFAB, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, sì sọ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn pé rẹfirí náà kò ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ní Amman, wọn kò jẹ́ kí àwọn obìnrin Iran gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wá àyè sí Olímpíìkì London pẹ̀lú Jọ́dánì. A fún Jọ́dánì ní àmì ayò láìgbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ Jọ́dánì pàápàá ti ní láti fi àwọn agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ tó ń lo híjáàbù sílẹ̀. Ọmọ ọba Ali ti Jọ́dánì, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ FIFA nígbà náà, ló gbé ẹjọ́ wọn lọ sí iwájú IFAB. Wọ́n gbà kí a dán an wò ní oṣù Keje ọdún 2012, wọ́n sì fọwọ́ sí i pátápátá ní oṣù Kẹta ọdún 2014.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 yẹn kan náà, ní ìdíje Eré Éṣíà tó wáyé ní Incheon, ní Kòríà, wọ́n ní kí àwọn obìnrin ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Qatar tú híjáàbù kí wọ́n tó lè bá Mongolia figagbága. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà láìjù bọ́ọ̀lù kan. Àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, FIBA, kò yí òfin rẹ̀ padà títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2017, oṣù Kẹwàá ọdún náà ni òfin tuntun sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún ọdún mẹ́ta àti oṣù méje, ọmọbìnrin Lárúbáwá tó ń ṣe eré méjèèjì lè wọ híjáàbù rẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n sì lé e jáde ní gbọ̀ngàn básíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Àìkú. Orí kan náà ni, aṣọ kan náà ni.

Àwọn yòókù kò yàtọ̀. Àwọn onírin gbígbé ti gbà ní ọdún 2011. Àwọn onijúdò bá Wojdan Shaherkani ti Sàúdí Arébíà fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi ku díẹ̀ kó bọ́ sórí ẹní ní London 2012, kí wọ́n tó fún un ní ìbòrí kan tí wọ́n lè gbà. Ìṣẹ́jú àáyá 82 péré ni ìjà rẹ̀ sì gbà. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ kò gbà títí di ọdún 2019. Ẹ̀yin gan-an, Ìyáàfin Ààrẹ, gba àmì ẹ̀yẹ Olímpíìkì méje láàárín Athens 2004 àti Beijing 2008, nínú ìwẹ̀ àfẹ̀yìnwẹ̀ àti nínú èyí tí a ń pa oríṣi ìwẹ̀ mẹ́rin pọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún yín pé aṣọ tó dára fún ọ̀kan kò dára fún èkejì.

2. Ní ti ìdí tí wọ́n ń sọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn tó gbé e kalẹ̀ ni wọ́n wó o. Wọ́n ní ìbòrí lè fún ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí àwọn dókítà bọ́ọ̀lù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò rí àkọsílẹ̀ ìṣègùn kankan pé híjáàbù ti ṣe agbábọ́ọ̀lù léṣe, èyí tó wà lára ohun tó mú IFAB yí ọwọ́ padà. Ìbòrí eré ìdárayá tí a ń lò báyìí sì máa ń já kúrò fúnra rẹ̀ bí ẹnìkan bá fà á.

3. Ilẹ̀ Faransé ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọn kò ti fi ọ̀rọ̀ ewu bojú mọ́.

Ẹgbàágbèje àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Lárúbáwá láti Àlùjíríà, Mòrókò àti Tùníṣíà ló ń gbé ní orílẹ̀-èdè náà, ìran wọn sì ti fún bọ́ọ̀lù Faransé ní àwọn ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni àjọ bọ́ọ̀lù Faransé, FFF, ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ohun tó ń fi ẹ̀sìn hàn nínú ìdíje. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Les Hijabeuses gbé e lọ sí Conseil d'État, tí í ṣe ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso. Òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba àwọn adájọ́ nímọ̀ràn dábàá pé kí wọ́n fagi lé èèwọ̀ náà. Àwọn adájọ́ kò gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n dá FFF láre.

Ọmọbìnrin tí wọ́n bá lé lẹ́nu bọ́ọ̀lù lè sọ pé òun yóò kúkú gbájú mọ́ básíkẹ́ẹ̀tì òun. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Faransé náà ti fi irú èèwọ̀ kan náà sínú òfin ìdíje rẹ̀, àwọn onífọlíbọ́ọ̀lù sì tẹ̀lé wọn. FIFA gbà á láyè, FIBA gbà á láyè, àwọn tó ń ṣojú FIFA àti FIBA ní Faransé kọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dojú rú: ní ọdún 2014, ẹni tó ní eré méjì ṣì ní ibi kan tó lè sá sí. Ní Faransé lónìí, bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni iye ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì mọ́ ọn lójú ń pọ̀ sí i.

Ọjọ́ 31 lẹ́yìn ìdájọ́ Conseil d'État, ìyẹn ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2023, Nouhaila Benzina ti Mòrókò jáde sí pápá ní Adelaide, ní Ọsirélíà, pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ife Àgbáyé àwọn àgbà. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: Mòrókò borí Kòríà 1-0, wọn kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n wọn. Mòrókò bọ́ sí ìpele kejì, ilẹ̀ Faransé gan-an ni wọ́n sì bá pàdé níbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ní ìlú Adelaide kan náà. Faransé na wọn 4-0. FFF kò sọ pé àwọn kò ní bá ikọ̀ tí Benzina wà nínú rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọn kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lyon, tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó kéré jù lọ, wọn kò ní jẹ́ kó wọ pápá. Kódà àwọn tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ti fi í sínú géèmù wọn pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀. Ọmọ Marseille lè fi bọ́tìnnì darí Benzina nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè wọṣọ bíi tirẹ̀ lọ sí ìdíje ní òpópónà kejì.

Lẹ́yìn náà ni Olímpíìkì yín dé Paris. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, mínísítà eré ìdárayá Faransé nígbà náà, Ìyáàfin Amélie Oudéa-Castéra, kéde pé kò sí obìnrin kankan nínú ikọ̀ Faransé tí yóò wọ híjáàbù. Nígbà tí ìdíje dé, Doaa Elghobashy ti Íjíbítì, tó ti wọ ìbòrí gbá fọlíbọ́ọ̀lù orí iyanrìn ní Rio 2016, wọ tirẹ̀ ní Paris, lẹ́sẹ̀ ilé gogoro Eiffel. Sifan Hassan ti Nẹ́dálándì wọ híjáàbù gba góòlù eré Máratọ́ọ̀nù níbi ayẹyẹ ìparí, lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Sounkamba Sylla, tó ń sáré fún Faransé ní ìlú ara rẹ̀, ní láti máa bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kó dé fìlà kí ó tó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ayẹyẹ ìṣíde. Àlejò wọ tirẹ̀, ọmọ onílé kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ìdíje yín ni wọ́n ti ṣe é, Ìyáàfin Ààrẹ, lábẹ́ àsíá olóbìíríkítí márùn-ún yín.

4. Mo wá dé orí èsì yín pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Ìwé Òfin Olímpíìkì, ní ojú ìwé àwọn ìlànà ìpìlẹ̀ rẹ̀, sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ṣíṣe eré ìdárayá, ó sì dárúkọ ẹ̀sìn láàárín àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ tìtorí wọn ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Kò fi kún un pé àfi bí ìjọba tó gbàlejò bá fẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, Ìgbìmọ̀ yín kì í ṣe ẹni tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Zimbabwe mọ̀ ju mi lọ pé ní ọdún 1972, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje Munich bẹ̀rẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ náà gba ìwé ìpè padà lọ́wọ́ Rhodesia, bí a ti ń pe Zimbabwe nígbà náà, nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà rẹ̀. Nítorí irú ìjọba kan náà ni wọ́n fi pa ilẹ̀kùn dé mọ́ Gúúsù Áfíríkà láti ọdún 1964 títí di ọdún 1992. Afghanistan kò sí ní Sydney 2000 nítorí ohun tí Taliban ń fi ojú àwọn obìnrin rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ẹ fòfin de Kuwait, ilẹ̀ Lárúbáwá, nítorí pé ìjọba ń ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ àjọ Olímpíìkì ibẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ mi jù lọ ni London 2012. Ṣáájú ìdíje yẹn, Sàúdí Arébíà, Qatar àti Brunei kò tíì mú obìnrin kankan wá sí Olímpíìkì rí. Ìgbìmọ̀ yín kò sọ pé àṣà wọn ni, kò sọ pé ẹ̀sìn wọn ni, kò sì sọ pé ìjọba wọn ló lágbára lórí rẹ̀. Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi mú obìnrin wá. Bí Wojdan Shaherkani àti Sarah Attar ti Sàúdí Arébíà ṣe dé London nìyẹn. Inú wa dùn sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè sọ fún Riyadh pé kó mú obìnrin wá, ẹ lè sọ fún Paris pé kó má lé obìnrin lọ. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ohun tí àwọn Lárúbáwá yóò máa rò ni pé àwọn ìjọba kan wà tí ẹ lè pàṣẹ fún, àwọn kan sì wà tí ẹ kò jẹ́ wo ojú wọn. Ìrònú yẹn kò ní ṣòro láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀.

Ohun kan tún ti ṣẹlẹ̀ tó mú kí èsì yín ṣòro láti gbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìyẹn oṣù tí ẹ gorí àga gan-an, Ìyáàfin Oudéa-Castéra, tó kéde èèwọ̀ náà nígbà tó jẹ́ mínísítà, di ààrẹ àjọ Olímpíìkì Faransé. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́. Ọmọ ilé yín ni. Nítorí náà, ẹ lè pè é, ẹ lè bi í léèrè, ìwé òfin yín sì fún yín lágbára lórí ọ́fíìsì tó wà. N kò mọ àwáwí tó kù.

Tí ẹ bá sì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbà yín nímọ̀ràn, ẹ kò ní rìn jìnnà. Nawal El Moutawakel ti Mòrókò wà nínú Ìgbìmọ̀ yín. Ní Los Angeles, ní ọdún 1984, ó gba góòlù eré 400 mítà onífífò, ó sì di obìnrin Lárúbáwá àkọ́kọ́ tó gba góòlù Olímpíìkì. Kò wọ híjáàbù ní ọjọ́ náà. Ó wọ ohun tó wù ú, ohun tí mo sì ń béèrè fún gbogbo wọn nìyẹn.

5. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí n wo Iran, níbi tí ìjọba ti ń fi dandan mú obìnrin wọ ìbòrí. Mo ti wò ó. Nígbà tí Elnaz Rekabi, ọmọ Iran, gun ògiri ní ìdíje eré ògiri gígun ti Éṣíà tó wáyé ní Seoul ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 láìwọ híjáàbù, gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù ohun tó lè bá a nígbà tó bá padà délé, ẹ̀rù náà kò sì ṣe aláìnídìí. Ìlànà tí mo ń béèrè fún yóò dáàbò bo òun náà. Ìjọba tó ń fi tipátipá wọ obìnrin láṣọ àti ìjọba tó ń fi tipátipá bọ́ ọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí: ní ọdún 2021 ni wọ́n bu owó ìtanràn 1,500 yúrò lé àwọn obìnrin Norway tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá orí iyanrìn, nítorí pé wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé dípò pátá tí òfin là sílẹ̀. Ara obìnrin ni àwọn àjọ wọ̀nyí ń bá jà láti ìhà méjèèjì, ẹ̀yin sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga tó lè ní kí wọ́n dẹ́kun.

6. Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tó kan Yorùbá níbẹ̀, kò ju kí n sọ pé ilé kan náà ni a jọ ń gbé. Ọ̀rọ̀ híjáàbù nílé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì dá a ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ Lárúbáwá jọ ń gbá bọ́ọ̀lù: ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní Rabat, nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà àwọn obìnrin, Mòrókò ti fi 2-0 síwájú kí Super Falcons tó gba ife náà lọ́wọ́ wọn ní 3-2, Folashade Ijamilusi ló sì jẹ góòlù tó mú ayò náà dọ́gba. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Super Falcons sì wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì Sàúdí báyìí. Ọmọ tí òfin burúkú bá lé jáde lára wọn lónìí lè jẹ́ tiwa lọ́la.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí, Ìyáàfin Ààrẹ.

Àkọ́kọ́, kí Ìgbìmọ̀ yín ṣe òfin kan ṣoṣo tí yóò de gbogbo àjọ tí eré wọn wà nínú Olímpíìkì, pé ìbòrí tí àjọ àgbáyé kan bá ti yẹ̀ wò tó sì rí i pé kò léwu, kò nílò àtúnyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ òmíràn, àfi bí àjọ náà bá lè fi ẹ̀rí hàn pé eré tirẹ̀ ní ewu tó yàtọ̀. Kí ọmọbìnrin tó ń ṣe eré méjì tàbí mẹ́ta má ṣe ní láti máa ka ìwé òfin méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó mọ ohun tí yóò wọ̀.

Èkejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pẹ̀lú àwọn tí yóò gbàlejò Olímpíìkì 2030 ní àwọn òkè Alps pé kò sí eléré ìdárayá kankan, àlejò tàbí ọmọ onílé, tí a lè yọ kúrò nítorí ìbòrí tí àjọ eré rẹ̀ fọwọ́ sí. Òfin kan náà ni kó de àjọ Olímpíìkì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan níbikíbi tí ìdíje bá ti wáyé, bẹ̀rẹ̀ láti Los Angeles 2028, níbi tí ikọ̀ bọ́ọ̀lù obìnrin yóò ti jẹ́ 16, tí ti ọkùnrin yóò jẹ́ 12. Kò ní bójú mu kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ikọ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan máa fi aṣọ orí ṣa àwọn tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí FFF àti àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Faransé ṣàlàyé fún FIFA àti FIBA, ní kíkọ sílẹ̀ àti ní gbangba, ìdí tí wọ́n fi kọ ohun tí àwọn àjọ àgbáyé tí wọ́n wà lábẹ́ wọn gbà, kí ẹ sì bá wọn retí èsì náà.

Ẹ̀kẹrin ló yá jù. Olímpíìkì Àwọn Ọ̀dọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Dakar ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Òun ni ìdíje Olímpíìkì àkọ́kọ́ tí yóò wáyé lórí ilẹ̀ Áfíríkà, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ jù sì ni Sẹ̀nẹ̀gàl. Ẹ̀yin ni ẹ ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ètò rẹ̀ kí ẹ tó di ààrẹ, ẹ mọ̀ ọ́n tinú-tòde. Bí Faransé bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Dakar, ṣé a ó sọ fún ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Algiers tàbí Casablanca pé kó tú ìbòrí rẹ̀ kó tó lè ṣeré ní ìlú tí àwọn obìnrin tó ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fi gèlè àti ìbòrí bo orí wọn? Mo fẹ́ kí ẹ dá ìbéèrè yìí lóhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní gbangba, kí àwọn ikọ̀ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan tó ń kọ̀wé lórí eré ìdárayá,
Ìbàdàn.